Oògùn Ikọ́ Ẹ̀gbẹ Ń Ṣiṣẹ́, Ọ̀nà Tó Lọ Síbẹ̀ Ni Kò Dára

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù tó kọjá, a jókòó mẹ́fà nínú yàrá tí èmi àti ẹnìkejì mi jọ háyà lẹ́yìn ọgbà ilé ẹ̀kọ́. Iná ti lọ, gààrí la ń mu, ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí la ń sọ. Nígbà tó yá, ọ̀rọ̀ kan ọkùnrin kan tó máa ń ta búrẹ́dì ládùúgbò wa, tí a kò rí mọ́ láti bí oṣù méjì. Ọ̀kan nínú àwọn àlejò wa ní, "Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Ikọ́ ẹ̀gbẹ ló mú un. Ẹni tí ìyẹn bá sì ti mú, ó ti lọ nìyẹn." Òmíràn ní, "Kò mà gbóògùn o." Gbogbo wọn mi orí, wọ́n ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí i.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò fèsì. Ẹnìkejì mi jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó ń fi ṣíbí po gààrí tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú alẹ́ yẹn ni ilé ìwòsàn kọ ọ́ sínú ìwé pé ikọ́ ẹ̀gbẹ tó mú un ti san. Oṣù mẹ́fà ló fi lo oògùn rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn tó jókòó, èmi nìkan ni mo mọ̀. Èmi náà kò sì sọ̀rọ̀.

Torí alẹ́ yẹn ni mo ṣe ń kọ èyí. Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n má dárúkọ òun. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò gùn: oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí wọ́n ń fúnni ní àwọn ilé ìwòsàn ìtòsí wa ń ṣiṣẹ́, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Púpọ̀ nínú àwọn tí kò san fún, kì í ṣe oògùn ló já wọn kulẹ̀. Wọn kò dé ibi tí oògùn wà ni, tàbí kí wọ́n débẹ̀ tán kí nǹkan mìíràn fà wọ́n sẹ́yìn. Tí a bá sì ń ka àwọn nǹkan mìíràn yẹn, àwa akẹ́kọ̀ọ́ wà lára wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ "kò gbóògùn" yẹn. Nígbà kan rí, òótọ́ ni. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1882 ni dókítà ará Jámánì kan, Robert Koch, kéde ní ìlú Berlin pé òun ti rí kòkòrò tó ń fa àrùn náà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ yẹn náà ni àyájọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ lágbàáyé títí dòní. Ṣùgbọ́n rírí kòkòrò yàtọ̀ sí pípa á. Ó di ọdún 1943 kí wọ́n tó rí streptomycin, oògùn àkọ́kọ́ tó ràn án. Kó tó dìgbà yẹn, afẹ́fẹ́ tó dára, oúnjẹ àti ìsinmi ni wọ́n fi ń tọ́jú aláìsàn, kí wọ́n sì máa gbàdúrà. Bí a kò bá tọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ, nǹkan bí ìdajì àwọn tó bá mú ló ń pa. Tí àwọn ìyá wa àgbà bá ń bẹ̀rù rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀rù ikú, ohun tí wọ́n fojú rí ni wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni àwa, ọmọ íntánẹ́ẹ̀tì, tí ẹ̀rù àwọn ìyá àgbà ṣì wà lọ́kàn wa nígbà tí ìdí rẹ̀ ti lọ.

Ti òde òní yàtọ̀. Oògùn mẹ́rin ni wọ́n pa pọ̀ sínú hóró kan: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Oṣù méjì àkọ́kọ́ ni aláìsàn fi ń lo mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lójoojúmọ́. Ní oṣù mẹ́rin tó kù, rifampicin àti isoniazid nìkan ló máa ń lò. Bí aláìsàn bá ṣe tẹ̀wọ̀n tó ni wọ́n fi ń mọ iye hóró tí yóò máa lò. Ẹnìkejì mi kò tó kílò 55 nígbà tó bẹ̀rẹ̀, hóró mẹ́ta ni wọ́n ní kó máa lò lójúmọ́. Ọ̀fẹ́ ni oògùn yìí ní àwọn ilé ìwòsàn tó wà nínú ètò ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà, ọ̀fẹ́ sì ni àyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀. Ẹ̀rọ GeneXpert, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí ní ọdún 2010, lè sọ láàárín nǹkan bí wákàtí méjì bóyá kòkòrò náà wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, yóò sì tún sọ bóyá rifampicin ṣì lè pa á.

Kí ló ń ti ibẹ̀ jáde? Àjọ Ìlera Àgbáyé ní nǹkan bí 85 nínú ọgọ́rùn-ún ènìyàn tó bá ní ikọ́ ẹ̀gbẹ ni ìtọ́jú tó wà nílẹ̀ báyìí lè wò sàn. Nàìjíríà kò sì kẹ́yìn: láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó ti lé ní 85 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó bẹ̀rẹ̀ oògùn lábẹ́ ètò wa tó yọrí sí rere. Ilé ìwòsàn alábọ́dé tí òrùlé rẹ̀ ń jò, tí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì rẹ̀ ti kán, ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó yẹ ká yìn wọ́n, kí á tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú wọn.

Ẹni tó bá sì rò pé ó di ilé ìwòsàn ńlá kí ikọ́ ẹ̀gbẹ tó san, ẹ rán an létí ìwádìí tí wọ́n ṣe ní ìlú Madras ní Íńdíà, tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní ọdún 1959. Wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń gbé ilé ìwòsàn, wọ́n ń sinmi, wọ́n ń jẹun tó dára. Àwọn yòókù wà nílé ara wọn, nínú yàrá tí èrò kún, pẹ̀lú oúnjẹ tí kò tó nǹkan. Oògùn kan náà ni gbogbo wọn lò. Bí àwọn tó wà nílé ṣe san fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba pẹ̀lú bí àwọn tó wà nílé ìwòsàn ṣe san, àwọn ará ilé wọn kò sì kó àrùn náà ju ará ilé àwọn tó kù lọ. Orí ohun tí wọ́n kọ́ níbẹ̀ ni a dúró sí dòní: kí aláìsàn máa gbé ilé rẹ̀, kí ó máa gba oògùn ní tòsí, kí ó sì lò ó tán.

Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, láti 70 ni A ti bẹ̀rẹ̀. 85, A tó dúró gbọin ni. Kí ló wá dé tí mo fi ń ráhùn? Ìdí ni pé ó yẹ ká béèrè pé ọgọ́rùn-ún wo ni wọ́n ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ ọgọ́rùn-ún ló yẹ kó ṣe ìdánwò kọ́ọ̀sì kan. Ní ọjọ́ ìdánwò, 24 péré ló wọlé. 21 nínú wọn yege. Olùkọ́ wá lẹ èsì mọ́ ara ògiri pé, "Nínú kọ́ọ̀sì mi, 87 nínú ọgọ́rùn-ún ló yege." Kò parọ́. Ṣùgbọ́n kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní béèrè pé: àwọn 76 tó kù ńkọ́?

Àlọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ní ọdún 2018, ìṣirò Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé nǹkan bí 429,000 ènìyàn ni ikọ́ ẹ̀gbẹ mú ní Nàìjíríà. Nǹkan bí 24 péré nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ètò ìlera rí, tí orúkọ wọn wọ ìwé. Láti ìgbà náà, iṣẹ́ ńlá ti wáyé: iye àwọn tí wọ́n ń rí ti ju ìlọ́po méjì lọ, ó sì ti kọjá ìdajì dáadáa. Mo gbóṣùbà fún àwọn tó ṣe é. Síbẹ̀, kò sí orílẹ̀-èdè mìíràn ní Áfíríkà tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń mú èèyàn nínú rẹ̀ tó tiwa, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló sì wà tí wọ́n ń wúkọ́ lónìí tí orúkọ wọn kò sí nínú ìwé kankan.

Ìwé tí mò ń sọ yìí, ìwé ńlá kan ni tó máa ń wà lórí tábìlì nọ́ọ̀sì. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Ní ìparí ìlà ni wọ́n ń kọ ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí: ó san, ó parí oògùn, oògùn kò ràn án, ó kú, a kò rí i mọ́. "Ó san" ni pé wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò ní ìparí, kòkòrò kò sí níbẹ̀ mọ́. "Ó parí oògùn" ni pé ó lo gbogbo rẹ̀ tán, bí kò tilẹ̀ sí àyẹ̀wò ìparí tó jẹ́rìí sí i. Méjèèjì yìí ni wọ́n ń pa pọ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní àṣeyọrí. "A kò rí i mọ́" ni ti ẹni tó fi oògùn sílẹ̀ fún oṣù méjì gbáko tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí àyè nínú rẹ̀ fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rárá.

Ẹnìkejì mi fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oṣù mẹ́ta ló fi wúkọ́. Ní oṣù kìíní, a ní ọyẹ́ ni. Ní oṣù kejì, a ní eruku ni, nítorí ọ̀nà iwájú ilé wa kò ní ọ̀dà. Ó ra oògùn ikọ́ olómi ní kẹ́míìsì. Wọ́n ta apakòkòrò fún un, wọ́n ta oògùn ibà, wọ́n ta ti táífọ́ọ̀dù. Nígbà mìíràn ara rẹ̀ á fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, á tún padà síbi tó wà. Àwọn apakòkòrò kan wà tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, bíi levofloxacin: ó lè dẹ ọwọ́ ikọ́ ẹ̀gbẹ fún ìgbà díẹ̀, kí aláìsàn rò pé òun ti ń gbádùn, kí àrùn sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ lábẹ́lẹ̀. Màmá rẹ̀ fi àgbo ránṣẹ́ láti ilé. N kò ní bú àgbo. Àgbo ni wọ́n fi tọ́ èmi náà dàgbà. Ṣùgbọ́n kò tíì sí àgbo tí a fi ẹ̀rí hàn pé ó ń wo ikọ́ ẹ̀gbẹ sàn, gbogbo ọjọ́ tí a bá sì fi ń dúró dè é, ẹ̀dọ̀fóró ni kòkòrò ń jẹ.

Ní alẹ́, òógùn á bò ó débi pé aṣọ bẹ́ẹ̀dì á rin gbingbin. Ṣòkòtò rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ nídìí. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìwọ̀n rẹ̀ àti CGPA rẹ̀ ló jọ ń bọ́ sílẹ̀. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí.

Nítorí egbò ẹsẹ̀ ló ṣe dé ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò, kì í ṣe nítorí ikọ́. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ egbò náà gbọ́ bó ṣe ń wúkọ́, ó sì bi í léèrè pé, "Ọmọ mi, ó tó ọjọ́ mélòó tí o ti ń wúkọ́ báyìí?" Ìbéèrè yẹn ló gbà á sílẹ̀. Ìlànà ni pé ẹnikẹ́ni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n yẹ kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wò. Kó tó dé ọ̀dọ̀ màmá yẹn, ènìyàn mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ti ta oògùn fún un. Kò sí ìkankan nínú wọn tó béèrè. Èmi tí mo ń gbọ́ ikọ́ náà lóru pẹ̀lú, n kò béèrè.

Láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ilé ìwòsàn ṣe tirẹ̀. Wọ́n sọ fún un tẹ́lẹ̀ pé ìtọ̀ rẹ̀ máa pọ́n, rifampicin ló ń fà á, kó má bẹ̀rù. Wọ́n ní tí ojú rẹ̀ bá ń ṣe bàìbàì, tàbí tí funfun ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ọsàn, kó máa sáré bọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní ìparí oṣù kejì, àyẹ̀wò fi hàn pé kòkòrò kò sí nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀ mọ́. Ó ti ń sanra padà. Oògùn ń ṣiṣẹ́.

Ibi tí ìṣòro ti wá ni gbogbo nǹkan tó yí oògùn ká. Àárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ nìkan ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn, ọjọ́ tirẹ̀ sì bọ́ sí ọjọ́ práktíkà. Olùkọ́ ní kó mú ìwé wá. Ìwé tí ilé ìwòsàn kọ fún un dárúkọ àrùn náà gàdàgbà ní òkè. Ó ká a, ó fi í sínú àpò, kò fi han ẹnikẹ́ni. Ó yàn láti máa pàdánù práktíkà. Nígbà tí màmá nọ́ọ̀sì gbọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní oògùn ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, ó sì ń fi fóònù ara rẹ̀ pè é láti béèrè bóyá ó ti lò ó. Káàdì fóònù yẹn, kò sí ẹni tó ń san án padà fún un. Nígbà tí sẹ̀mẹ́sítà parí, ara ẹnìkejì mi ti yá, káríófà méjì sì wà lọ́rùn rẹ̀. Nínú ìwé ńlá ilé ìwòsàn, "ó san" ni wọ́n kọ. Káríófà méjì kò sí nínú ìwé yẹn.

Ẹ má rò pé ti akẹ́kọ̀ọ́ nìkan nìyí. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 2017 lórí ohun tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ná àwọn ìdílé fi hàn pé ní ìdílé 71 nínú ọgọ́rùn-ún, ìnáwó àti owó tí wọ́n pàdánù lórí àìsàn yìí ju ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo ohun tó ń wọlé fún wọn lọ́dún lọ. Oògùn jẹ́ ọ̀fẹ́ o! Ṣùgbọ́n ọlọ́kadà kì í gbéni lọ́fẹ̀ẹ́. Alágbàṣe tó fi àárọ̀ kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn, kò sí owó iṣẹ́ fún un lọ́jọ́ náà. Ebi máa ń pa ẹni tó ń lo oògùn yìí gan-an tí ara rẹ̀ bá ti ń bọ̀ sípò, oúnjẹ kì í sì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ìtìjú wá ńkọ́? Mo fẹ́ jẹ́wọ́ níbí. Lọ́jọ́ tó sọ fún mi pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ni, mo ní "Ọlọ́run á wò ọ́ sàn." Lọ́jọ́ kejì, mo di ẹrù mi, mo lọ bá ọ̀rẹ́ mi kan gbé ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, mo pa irọ́ pé mo fẹ́ kàwé fún ìdánwò. Oṣù kan àti ààbọ̀ ni mo fi wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo wá kà á pé ní kété tí aláìsàn bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn tó ràn án, agbára rẹ̀ láti kó o ran ẹlòmíràn máa ń já wálẹ̀ gan-an, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Èyí túmọ̀ sí pé oṣù mẹ́ta tó yẹ kí n bẹ̀rù, èmi àti ẹ̀ jọ sùn nínú yàrá tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀fọn. Ìgbà tí ewu ń kásẹ̀ nílẹ̀ ni mo sá. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni kí n ṣí fèrèsé, kí n sì lọ ṣe àyẹ̀wò tèmi, nítorí ẹni tó bá bá aláìsàn gbé nínú yàrá kan náà ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Wọ́n ní kí n wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń sún un síwájú nítorí pé n kò fẹ́ kí ojúlùmọ̀ rí mi lórí bẹ́ǹṣì yẹn. Nígbà tí mo lọ, kò sí nǹkan kan lára mi. Ká ní ó wà níbẹ̀ ńkọ́?

Àwọn kan á sọ pé ẹ̀bi aláìsàn ni tó bá fi oògùn sílẹ̀ láàárín ọ̀nà. Mo gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ rántí apakòkòrò ọjọ́ márùn-ún tó rà gbẹ̀yìn: ṣé ó lò ó tán? Oṣù mẹ́fà la ń bá àwọn wọ̀nyí sọ, hóró mẹ́ta mẹ́rin lójúmọ́, èébì tó ń gbéni láàárọ̀, nígbà tó sì ti jẹ́ pé láti oṣù kejì ni ara ti ń yá, tí kò sì sí ohun tó ń rán ọ létí pé àìsàn ṣì kù nínú rẹ. Kòkòrò tó kù nínú ara máa ń sùn sílẹ̀ ni. Nítorí tirẹ̀ ni oṣù mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ṣe wà. Ẹni tó bá ń lò ó lónìí, tó ń fò ó lọ́la, lè kọ́ kòkòrò náà bí yóò ṣe gbójú sí oògùn. Nígbà yẹn, oògùn mìíràn ni wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Kò tíì pẹ́ tí ìtọ́jú irú èyí máa ń gbà tó oṣù 18 sí 20, pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó ń ba etí àwọn ẹlòmíràn jẹ́. Láti ọdún 2022 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti fọwọ́ sí oògùn oníhóró tó ń gba oṣù mẹ́fà fún púpọ̀ nínú wọn. Ìdẹ̀rùn ńlá ni, ṣùgbọ́n kò tíì dé gbogbo ibi.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á pé mo ní oògùn yìí kì í kùnà rárá. Àwọn kan ń kú lórí oògùn: àwọn tó pẹ́ jù kí wọ́n tó débẹ̀, àwọn tí kòkòrò HIV ti gba agbára lára wọn, àwọn tí kòkòrò inú wọn kò gbọ́ ti oògùn mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ti àkọ́kọ́ yẹn. Ọ̀nà náà ló pẹ́, kì í ṣe oògùn.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdènà kan tí àwọn yòókù kò ní: ìyanṣẹ́lódì. Ní ọdún 2022, láti 14 oṣù Kejì títí di 14 oṣù Kẹwàá ni ASUU fi wà lẹ́nu ìyanṣẹ́lódì. Oṣù mẹ́jọ nìyẹn. Oṣù mẹ́fà ni ìtọ́jú ikọ́ ẹ̀gbẹ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ oògùn nítòsí ilé ẹ̀kọ́ ní oṣù Kìíní ọdún yẹn, tí wọ́n ní kí gbogbo ènìyàn máa lọ sílé, kí ló máa ṣe? Ìdáhùn wà: ilé ìwòsàn lè kọ ìwé fún un kó máa lọ gba oògùn tó kù ní ilé ìwòsàn ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ̀ bẹ́ẹ̀?

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nìyí. Èkíní, kí ilé ìwòsàn inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan máa béèrè ìbéèrè màmá nọ́ọ̀sì yẹn lọ́wọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wúkọ́ wọlé, kí ó máa gba kẹ̀lẹ̀bẹ̀, kí ó sì lè fún èèyàn ní oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ ní wákàtí tí kò sí kíláàsì. Kò ná wọn ní ilé tuntun. Èkejì, kí ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú lọ bá olùkọ́ sọ pé "ó wà lábẹ́ ìtọ́jú" pẹ̀lú ọjọ́ tí yóò máa lọ, kí ó má dárúkọ àìsàn, kí olùkọ́ sì gbà á. Ẹ̀kẹta, kí ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí kún ohun tí wọ́n ń sọ fún àwọn ọmọ tuntun, kí wọ́n sọ ti ìwé ìgbékúrò náà fún wọn pẹ̀lú.

Ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, tí ẹ ti ń ṣiṣẹ́, ọ̀rọ̀ yín tún kù. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ìjọba Amẹ́ríkà dá ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ìrànwọ́ tó ń fi ránṣẹ́ sí òkè òkun dúró, ètò ikọ́ ẹ̀gbẹ wa náà sì fara gbá a. Lẹ́yìn náà ni àwọn aṣòfin wa fi 200 mílíọ̀nù dọ́là kún owó ìlera nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì ọdún yẹn. Ó dára. Ṣùgbọ́n bọ́jẹ́ẹ̀tì kì í wo ikọ́. Owó tó bá dé orí tábìlì màmá nọ́ọ̀sì ló ń wò ó. Ẹ̀yin lẹ ń dìbò, ẹ̀yin lẹ mọ aṣojú yín. Ẹ máa béèrè ibi tí owó náà dé.

Èyí tó kù, ọwọ́ wa ló wà. Ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bi í léèrè. Tó bá ń bẹ̀rù, ẹ bá a lọ. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ oògùn, ẹ ṣí fèrèsé, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò tiyín, kí ẹ sì jókòó tì í.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ti ọkùnrin oníbúrẹ́dì. Ní ọjọ́ kejì alẹ́ yẹn, ẹnìkejì mi wá a lọ. Ó bá a nílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ní àdúgbò kejì. Ó ti lo oògùn fún oṣù méjì ó lé díẹ̀, àyẹ̀wò rẹ̀ ti dára, kò kú, kò sì fẹ́ kú. Ó kúrò ládùúgbò wa nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ti ta sí wa létí, a kò ra búrẹ́dì rẹ̀ mọ́. Ó ní tó bá parí oògùn ní oṣù mẹ́rin sí i, òun á padà wá. Mo ti ń polongo rẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá wá sí yàrá wa. Tó bá dé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ra búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀.